Ìwé Àṣẹ Tí N Kò Lè Béèrè Lọ́wọ́ Àgbà

Sabon Tasha, Kaduna.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ igi, ẹ kú ọyẹ́. Orí àpótí ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí pé mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú yín. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé, mo kúnlẹ̀ níbi tí ọkùnrin kì í kúnlẹ̀. Dúpẹ́ àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá, ẹ kú àbójútó agbo ilé. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn kékeré tí ẹgbẹ́ wa ń tẹ̀ níbí, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń kà á sí létí lẹ́yìn ìsìn, mo kí yín tọmọdé tàgbà. Ẹ fún mi ní etí díẹ̀.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́ síbí. Dúpẹ́ ló bá yín kọ lẹ́tà tó dé kẹ́yìn. Ó ní ẹ ní ẹ kò gba lẹ́tà inú àpò lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ ní gbangba ni wọ́n ti sọ fún yín pé ọmọ yín ń kọ́ olè ní Kaduna, nítorí náà, tí mo bá ní èsì, kí n fọ̀ ọ́ ní gbangba. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo kà á títí mo fi mọ iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: méjìdínláàádọ́rin. Kò sí ‘ọmọ mi’ nínú wọn.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà náà wá ló dá ayùn padà fún mi. Ayùn tí mo rà fún yín ní ọjà àárín ìlú, tí mo fi páálí wé, tí mo fi okùn dì. Bí mo ṣe dì í náà ló ṣe padà, ìdè okùn mi wà níbẹ̀. Awakọ̀ náà kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó ní ẹ bèèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun mọ ibi tí mo ti rí i, pé ẹ kò fẹ́ fi ayùn tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ gé pákó ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà. Bí mo bá ń jáde, mo ń rí i. Bí mo bá ń wọlé, mo ń rí i.

Dúpẹ́ fi ìlà kan kún un fún ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní àwọn àna wa láti Ọ̀yọ́, ilé ẹni tó fẹ́ fẹ́ òun, ti ń ṣe ìwádìí ilé wa, wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ mi pàdé, wọ́n sì ti ní kí a dúró ná. Kò bá mi jà. Ó kàn ní tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, kí n sọ ọ́ bó ṣe wà, kí òun lè mọ èyí tí òun máa fi ojú rí. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí n kọ èyí. Tèmi nìkan, mo lè gbé e. N kò lè gbé e lé e lórí.

Bó ṣe wà nìyí.

Ẹ mọ ibi tí ìwé mi dúró. Mo jókòó fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò nìkan ni mo yege dáadáa nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí ni ìwé títẹ̀. Ọ̀gá mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà Kachia, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn èèyàn á gbé ìwé wá, màá tẹ̀ ẹ́, màá tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Lásìkò ọyẹ́ báyìí, eruku ń wọ inú ẹ̀rọ ju ìmú lọ. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún kí n tó jókòó. Ètè mi ti là, n kì í ra ìpara, òróró tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni mo ń fi pa á.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí, olùkọ́ kan gbé ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà á láyè láti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní ìta. Ta ni wọ́n máa wò? Èmi ni wọ́n wò. Ọ̀gá mi kò lé mi, ṣùgbọ́n ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, oṣù kan gbáko ni mo fi ń dúró níta láràárọ̀ kó tó wá ṣílẹ̀kùn fún mi bí oníbàárà. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n ń wò mí bẹ́ẹ̀.

Àsìkò yẹn ni mo mọ Mallam Habibu. Ó ti fẹ̀yìn tì. Iyàrá kọ̀ǹpútà ìjọba ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì máa ń wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́ bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣàròyé, ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo mọ ọ̀nà tí ẹni náà gbà wọlé. Mo ní n kò mọ̀, ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe èmi. Ó ní ìyẹn dára fún ọkàn mi, ṣùgbọ́n ẹni náà á tún gba ibẹ̀ wọlé lọ́la. Ọ̀gá mi ní ṣé òun Mallam lè wọlé. Mallam ní kó kọ ìlà kan sórí ìwé pé òun gbà á láyè, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀gá mi rò pé àwàdà ni, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Mallam ká ìwé náà sápò kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó yọ díìsìkì pẹlẹbẹ kan, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn láti orí díìsìkì tirẹ̀, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá ó ti ń ka ohun tí mo tì. Kò tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ó dà bí ẹni tó gba òrùlé wọlé nígbà tí mo dúró ti ilẹ̀kùn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Ó ní òun kì í gba owó, ṣùgbọ́n kí n máa bá òun nu eruku ẹ̀rọ, kí n sì máa wá ní Sátidé. Malali ni ilé rẹ̀, láàárín àwọn ilé olódi ńlá. Láti Sabon Tasha dé ibẹ̀, ọkọ̀ méjì ni. Nígbà tí kò bá sí epo, ẹsẹ̀ ni, wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ‘olè’ ti wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kọ́ ni Mallam gbé fún mi. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni, tó ní àgádágodo onínọ́ńbà mẹ́ta. Ó ní kí n ṣí i láì fọ́ ọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òdo-òdo-òdo. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀: nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje dín díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣí ní ẹẹ́fà-ọ̀kan-eéje, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, àtàǹpàkò mi ti wú. Nígbà tó dé, mo ń yangàn. Ó ní ó dáa, tó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin ńkọ́? Mo ṣe é lórí ìwé: ó súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù, ọjọ́ mọ́kànlélógún láìsùn láìjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó nawọ́ sí ara géètì ilé rẹ̀. Nọ́ńbà ilé náà ni 617. Ó ní èmi kò bi ara mi léèrè ta ló ni àgádágodo.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń lo ẹ̀rọ. Méjì ló ní, méjèèjì ti gbó, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ilé, èkejì ni ìta. Òun á ti ilé, á lọ kírun, èmi á wà ní ìta, màá sì máa wá ọ̀nà wọlé títí á fi dé. Bí mo bá wọlé, màá kọ ọ̀nà tí mo gbà sínú ìwé, màá fi bí a ṣe lè dí i kún un, màá sì dí i fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ihò yẹn ti dí, ó di òmíràn. Kò sí ìwé tí mo kà fún un, àfi ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ẹ̀yìn fọ́tòkọ́pì tó bàjẹ́ ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Sátidé méjìdínlọ́gọ́ta ni mo lọ. Mo wọlé ní mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógójì yòókù, ìta ni mo wà tó fi kírun dé. Ó rẹni o. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ara ń yá èèyàn fún. Ìjókòó ni, ìgbìyànjú kan náà ni, ojú á máa ta, ẹ̀rọ á máa sọ pé rárá.

Géètìmáàn ilé náà, bàbá arúgbó kan, kò mọ ohun tí à ń ṣe ju pé Mallam ń ti nǹkan, èmi ń ṣí i. Ó wá sọ mí ní Barawo. Olè ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hausa. Bí mo bá ń jáde, á bi mí tìdùnnú-tìdùnnú pé, Barawo, ka shiga, ṣé mo wọlé lónìí? Bí mo bá ní rárá, á ní haba, irú olè wo nìyí, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Á wá bu gúúrú fún mi nínú èyí tó ń jẹ. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ilẹ̀kùn? Kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ ṣe rí tí ẹ kò kọ́kọ́ fi èjìká ti kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ máa ń ní kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n dì í mú. Ìgbà kan tí ìdè rẹ̀ yọ, ilẹ̀kùn wó lù mí, ẹ kò bẹ̀ mí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìṣó ti yẹ̀. Ẹ ní ó sàn kó wó lù wá níbí ju kó wó lọ́dọ̀ oníǹkan lọ́jọ́ tí olè bá dé. Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀yin ní olè. Èjìká yín náà ni mo ń lò. Pákó ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò wí pé n kò jẹ̀bi. Ìdí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ bó ṣe wà nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni Mallam fún mi. Kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ìfọwọ́kàn. Ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìyá mi. Kí ẹni tó ni ẹ̀rọ kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kí ìwé wà lápò mi kí n tó mí sí i lára. Mo gbà. Mo rò pé òfin tó rọrùn ni, nítorí n kò tíì mọ ẹni tí màá ní láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa níbí. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ka èyí tán. Òun ló gbà mí sílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo dé Kaduna. Ẹgbẹ́ ra ilẹ̀ ní Trikania, a pín in, ó sì wà lọ́wọ́ àgbà yìí láti tọ́jú orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìpàdé, ní pálọ̀ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́, ẹnìkan bèèrè bóyá kò sí ẹni tó lè wọ inú ẹ̀rọ náà kó yí orúkọ padà. Àgbà náà ní kò sí irú ẹ̀. Ó rí mi, ó ní ṣebí Gbádé ń kọ́ nǹkan kan ní Malali, kó wá gbìyànjú ká rí i. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: àgbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ méjì, èmi.

Mo dìde. Mo rántí ìwé. Mo tilẹ̀ la ẹnu. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀ pé… Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní ha, ọmọ tí mo gbà sílé, tó jẹ ẹ̀bà lábẹ́ òrùlé mi, òun ló máa wá gba ìwé lọ́wọ́ mi bí ọlọ́pàá? Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò tó mọ́ ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹ sọ fún mi, Bàbá, ta ni nínú wa tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì kó sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo bá jókòó.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rọrùn tó. Mo ti kíyè sí i, nínú ìwé tí mo ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn wa, pé oríkì ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Wọ́n á ní ará ibí kò gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, ará ibí kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé wa gbọ́. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, ìyá tó bí àgbà náà, tó ti di arúgbó, ń kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń kì í, ó ń pè é láìmọye ìgbà bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Mo kọ́kọ́ tẹ oríkì àgbà náà fúnra rẹ̀. Rárá. Mo tẹ tọmọ náà. Ẹ̀rọ ṣí. Ìṣẹ́jú kan kò pé.

N kò fọwọ́ kan orúkọ kankan. Mo dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní káàsà, ọ̀gá wa, ẹni tí ìyá ń kì láràárọ̀ ló ṣí yín sílẹ̀ gbayawu! Ó rẹ́rìn-ín dé ojú ọ̀nà. Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn náà ló rin ìrìn àjò lọ sílé nítorí ìsìnkú, ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti bá mi dé ẹnu géètì ní Malali rí, ó gbọ́ orúkọ tí géètìmáàn ń pè mí. N kò mọ̀ bóyá ibi ló fẹ́. Bóyá ìtàn ló kàn fẹ́ sọ kó dùn. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ fi dé ilé, wọ́n ní mo ti ṣí ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́, mo ti yí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni padà sí tèmi, Hausa gan-an ń pè mí ní olè lójú mi, mo sì ń dá a lóhùn. Wọ́n bi àgbà náà léèrè bóyá òun ló rán mi. Kò ní òun kọ́, kò ní òun ni.

Mo gbé e tọ Mallam lọ. Mo rò pé á bá mi dá sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó ní takarda, ìwé dà? Mo ṣàlàyé. Mo ní àgbà ni, ẹgbẹ́ bàbá mi ni, ó gbà mí sílé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pé ìdí tí òun fi ṣe é lófin nìyẹn. Tó bá jẹ́ ohun tó rọrùn ni, òun ò ní sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó ní láìsí ìwé náà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ohun tí mo ṣe àti ohun tí ẹni tó jí ìbéèrè ìdánwò ṣe, àfi ohun tó wà lọ́kàn mi, kò sì sẹ́ni tó lè ka ọkàn mi. Ó ní kí n má wá mọ́ títí màá fi ní ìwé lọ́wọ́. Géètìmáàn kò pè mí ní Barawo lọ́jọ́ yẹn. Ó ní sannu, bí ẹni ń kí àlejò, ó wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Sátidé á dé, màá jí ní àsìkò tí mo máa ń jí, màá wá jókòó. Ní ṣọ́ọ́ṣì, wọ́n ń kí mi, ṣùgbọ́n àyè ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. N kò lọ sí ìpàdé. Ọyẹ́ mú, omi kàǹga lọ sílẹ̀, mo ń wúkọ́ eruku. Lẹ́tà yín dé, ayùn dé. Ó rẹ̀ mí, Bàbá, kì í ṣe rírẹ̀ tí orun ń wò.

Ìlà tí Dúpẹ́ kọ ló gbé mi dìde. Mo lọ bá àgbà náà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí ó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo ní mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ gbèjà mi, sà, mi ò sì ní kí ẹ sọ nǹkan kan níwájú ẹgbẹ́. Ìwé ni mo wá gbà. Ó kọ́kọ́ ta ọjà fún oníbàárà méjì, wọ́n lọ. Ó bi mí kí ni bàbá mi wí. Mo sọ ti ayùn fún un. Ó ní ayùn tuntun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní wọ́n dá a padà láì tú u? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bo ojú rẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yẹn, pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ti rò pé ìyàwó òun ni. Mo ní ìyá yín ni, sà, wọ́n ń pè é bí mo ṣe ń wọlé. Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi igbe pa, ó ní ṣé mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, bí ìyá òun bá ti ń ki ọmọ yẹn, ṣe ni òun ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń gbọ́. Ó ní òun ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo ní ẹ ṣeun, sà, ẹ má sọ òmíràn fún mi.

Ó mú bírò. Ó fẹ́ kọ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí i, kó lè dà bí ẹni pé ó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé rárá, kó kọ ọjọ́ òní. Ohun tó kọ nìyí: pé lọ́jọ́ náà òun fi ẹnu rán mi, pé mo ṣe ohun tí òun ní kí n ṣe, n kò sì yí orúkọ kankan padà, òun ti fi ìwé orúkọ tí a fọwọ́ kọ wé e, ọ̀kan kò yẹ̀; pé òní ni òun ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí lọ́jọ́ náà òun kò jẹ́ kí n gbà á. Ó fọwọ́ sí i. Ó gbà kí n sọ gbogbo èyí níbí, tí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Malali. Mallam fi gíláàsì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo rò pé a máa jókòó ti ẹ̀rọ. Ó wọlé lọ gbé ṣéènì kẹ̀kẹ́ jáde, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òdo-òdo-òdo. Mo wo géètì, mo tẹ nọ́ńbà ilé rẹ̀, kò ṣí. Ẹẹ́sàn-án-ẹẹ́sàn-án-ẹẹ́sàn-án ló fi í sí. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje dín díẹ̀. Géètìmáàn gbé àga wá jókòó wò mí, ó ní Barawo ti dé.

Bàbá, awakọ̀ tó mú ìwé ìròyìn yìí wá mú àpòòwé kan àti ayùn náà dání. Ìwé tí àgbà náà fọwọ́ sí ló wà nínú àpòòwé. Ẹ fi han àwọn àna wa. Tí wọ́n bá ní kò tó, kí wọ́n rán ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wá sí Kaduna, màá mú un lọ sí Malali, kó bi Mallam léèrè, kó sì bi géètìmáàn náà. Owó ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ti ayùn, rísíìtì rẹ̀ ni mo fi okùn dì mọ́ ọn lára. Ó yẹ kí n ti fi sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún Mallam. Èmi tí mo ṣí ẹ̀rọ àgbà, oríkì lèmi náà fi ti ti ara mi. Àṣàkẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, òun ni mo ń tẹ̀ láràárọ̀ tí mo bá dé, àti ní ọ̀sán tí iná bá padà wá. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òpópó wa, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí. Bí mo ṣe ń pe àbúrò mi nìyẹn. Mo ti yí i padà, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Màmá, ẹ bá mi máa pè é. Láàárọ̀, kí ẹ tó gbálẹ̀, kí ẹ pè é kó gbọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín rẹ̀ lórí igi, Bàbá. Kí ó má jẹ́ kí ojú ti Màmá nítorí ọmọ. Ìgbéyàwó Dúpẹ́ á ṣe lójú gbogbo wa. Ẹ bá mi kí ẹ̀yìnkùlé, ẹ kí ìjọ, ẹ kí ẹni tó gbé ìròyìn náà wá sílé. N kò bínú sí i. Ọyẹ́ máa tó lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádé.